Ọwọ́ Tó Pààrọ̀ Pọ́ńpù Epo ní Mọ̀lípà

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní apá ọ̀hún ẹnubodè, níbi tí àwọn Faransé ti jọba lé wa lórí. Mo máa ń sọ èyí ṣáájú ohunkóhun, nítorí pé ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí mo ti fi ọdún tó pọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí. Àgànyìn! Èmi ọmọ Alákétu, ọmọ ìlú tó ní odi, tó ní yàrà, tó lọ́ba aládé kí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ ẹnubodè. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka ìtàn mi yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn sápò.

Lọ́jọ́ tí mo ń kúrò nílé, mo sọ fún ìyá mi pé kó má sunkún, pé n kò lọ sí òkè òkun. Mo ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa ni mò ń lọ, èdè kan náà la jọ ń sọ. Ìgbà ìjọba alágbádá ni, owó epo rọ̀bì ṣì ń dún ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń fi ojú méjèèjì wá olùkọ́ èdè Faransé. Ilé-ìwé ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló gbà mí. Ìyá mi ò bá mi jiyàn. Ó di ẹ̀kọ àti ẹran díndín fún mi, ó ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé," ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ilé Màmá Nọ́ọ̀sì ní Mọ̀lípà ni mo ti gba yàrá. Opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú paraku sì ni, tí kì í jẹ́ kí ohun ìní rẹ̀ sọnù. Bó bá yá ọ ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀, yóò béèrè rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Kì í ṣe ahun o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Yóò fún ọ ní odidi abọ́ oúnjẹ, kò ní rántí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n yóò rántí abọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó dá mi lóhùn ní ohùn Ìjẹ̀bú. Kò yé mi. Ó tún un sọ, mo kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń yà ní fọ́tò.

"Àgànyìn, kí ló dé?" ni ó wá fi Yorùbá gbogbo ayé bi mí. "Mo kí ọ lẹsẹn ni!"

"Lẹsẹn" yìí náà kò yé mi. Ọmọ kíláàsì mi kan ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà pé "lásán" ni. Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo sọ fún ìyá mi pé èdè kan náà la jọ ń sọ ṣe di ẹni tí ọmọdé ń túmọ̀ Yorùbá fún.

Ní kíláàsì ńkọ́? Bí mo bá ti la ẹnu sọ Yorùbá Kétu, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa gbá tábìlì. Bí mo bá yí i sí Faransé, wọ́n á jókòó dáadáa, wọ́n á máa wò mí bí ẹni ńlá. Mo wá ń sọ Faransé níbi tí kò yẹ kí n ti sọ ọ́, àní mo fi Faransé lé ewúrẹ́ kúrò ní ojúlé kíláàsì nígbà kan. Ó dùn mí pé èdè àwọn tó kó wa lẹ́rú ló ń fún mi níyì, tí èdè ìyá mi sì ń sọ mí di aláwàdà.

Mo tún rántí ọjọ́ tí Màmá Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi. Mo wò ó títí. Mo rò pé àsáró tí wọ́n gbàgbé sórí iná ni.

"Jẹ ẹ́ kó o tó dájọ́," ni ó wí.

Mo jẹ ẹ́. Ẹja ń bẹ nínú rẹ̀, ata ń bẹ nínú rẹ̀, iṣu ewùrà náà sì ń yọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tí mo na abọ́ sí i pé kó bu sí i, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Mo ka ìyẹn mọ́ àṣeyọrí mi àkọ́kọ́ nílẹ̀ náà, nítorí pé ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ fi nǹkan tí mo ṣe dunnú tí kì í ṣe pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni ọ̀tá mi. Bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, oníkálukú á ní òun ń lọ "sí ilé". Olùkọ́ ìṣirò á gba Ìbefun lọ, akọ̀wé ilé-ìwé á gba Ìmùṣin lọ, wọ́n á padà dé lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú gaàrí, iṣu àti ìròyìn. Èmi á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n ó máa dán bàtà tó ti dán tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fìyà jẹ mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tó mọ ilé tí mo ti jáde wá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè.

Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ oṣù, mo máa ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti pe ìyá mi lórí tẹlifóònù. Òun náà á ti wà ní ti Kétu, níbi tí akọ̀wé kan tó jẹ́ ará ìjọ wa máa ń jẹ́ kó jókòó dè mí. N ó dúró, n ó dúró, títí ẹni tó ń so wáyà á fi pariwo pé, "Àgànyìn, tìrẹ ti wọlé!" Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sọ́kàn á fò lọ.

"Ṣé o jẹun?" ni ìyá mi á béèrè.

"Mo jẹun, Ìyá mi."

"Ṣé wọ́n ń kí ọ dáadáa níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni mi ò mọ bí mo ṣe máa dáhùn. Wọ́n ń kí mi o. Níbo ni Yorùbá wà tí wọn ò ní kí ni? Ṣùgbọ́n wọ́n ń kí mi bí a ṣe ń kí àlejò, pẹ̀lú "ẹ káàbọ̀" tí kò tán, bí ẹni pé àná ni mo dé.

Nígbà tó yá, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì ti ẹnubodè ilẹ̀ pa. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Tẹlifóònù tó ti ń ṣe ségesège tẹ́lẹ̀ tún wá burú sí i. Mo ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ ní ọjà Òkè-Ajé pé kí àlejò máa lọ sílé wọn, wọn kì í sì í wo ojú mi bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ní Kétu, ìyá mi sọ pé àwọn kan ń wí pé Nàìjíríà ti gbé ọmọ òun mì, pé mo ti gbàgbé ilé. Báyìí ni mo ṣe di àlejò ní ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àárín àkókò yìí ni mo ra ọkọ̀. Ọkọ̀ funfun ni, àgbà ọkọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, tí olùkọ́ kan tó ń fẹ̀yìn tì tà fún mi. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé èmi nìkan ni mo lè bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ kó yé e. Mo ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá fẹ́ ìyàwó, kó rọra máa jowú ọkọ̀.

Bí wọ́n ṣe wá ṣí ẹnubodè, tẹlifóònù àkọ́kọ́ tó wọlé dáadáa ni ìyá mi fi sọ fún mi pé Àbẹ̀ní, àbúrò mi obìnrin, ń lọ sílé ọkọ. Bàbá wa ti kú, èmi ni àkọ́bí. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ mú un lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àwọn àna ní àwọn lè yá wa ní mọ́tò tí ìyàwó máa gùn," ni ìyá mi wí. "Mo ní rárá. Mo ní ọmọ mi ní mọ́tò, mọ́tò ọmọ mi ló máa gbé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ ní mọ́tò wo, ẹ̀yin tí ọmọ yín ti sọnù sí Nàìjíríà? Mi ò dá a lóhùn. Ṣé ò ń gbọ́ mi? Mi ò dá a lóhùn, torí pé ìwọ lo máa dá a lóhùn."

"Mo gbọ́, Ìyá mi. Mo ń gbé mọ́tò bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an, ní ọjọ́rú, ni ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà. Mo ń bọ̀ láti ilé-ìwé, mo ń gun òkè, ó ta gìrì lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Mo ṣe ohun tí gbogbo onímọ́tò mọ̀: mo ki àkísà sínú omi, mo gbé e lé pọ́ńpù epo lórí kó tutù. Ó jí, ó rìn díẹ̀, ó tún kú. Nígbà tí mo yọ róbà epo lẹ́nu kábúrétọ̀ tí mo ní kí ẹnì kan bá mi yí kọ́kọ́rọ́, kò sí epo tó jáde. Pọ́ńpù ti bàjẹ́. Àwọn èrò ọ̀nà ló bá mi ti ọkọ̀ délé.

Mo sáré lọ sí ọ̀dọ̀ Súlè, mẹkáníìkì mi. Mo bá ẹ̀ka igi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n fi í dábùú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e. Súlè fúnra rẹ̀ jókòó síta nínú aṣọ mímọ́, ó ká ọwọ́ gbera.

"Ẹ má bínú, Tísà. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa ló kú. Títí a ó fi sin ín ní Sátidé, kò sí mẹkáníìkì tó gbọ́dọ̀ gbé sípánà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí a bá ká mọ́ ọn, a ó kó irinṣẹ́ rẹ̀."

"Súlè, àbúrò mi ń ṣègbéyàwó ní Sátidé. Ní Kétu!"

"Bàbá yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́," ni ó wí. Omi wà lójú rẹ̀. Mi ò lè bínú sí i.

Mo gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ tààrà. Mo ti pinnu pé n ó sọ fún wọn ní Kétu pé kí wọ́n gba mọ́tò àwọn àna. Akọ̀wé tó jẹ́ ará ìjọ wa ló gbé e, ó ní ìyá mi wà nítòsí, ó ránṣẹ́ pè é. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń kọrin.

"Àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi ló tẹ̀ lé mi wá yìí," ni ó wí. "Wọ́n fẹ́ mọ irú àwọ̀ tí mọ́tò náà ní, kí wọ́n lè so ribọ́n tó bá a mu mọ́ ọn."

"Funfun ni," ni mo wí. "Ẹ so èyí tó bá wù yín."

Bí mo ṣe ń padà sílé, mo ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. N kò tíì tú nǹkan kan rí láyé mi ju agogo tábìlì lọ, agogo náà kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì. Lọ́jọ́bọ̀, bí a ṣe jáde ilé-ìwé, mo ra pọ́ńpù tuntun, mo gbé àpò sípánà tó wà ní bùútù ọkọ̀ jáde, mo sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú ọgbà Màmá Nọ́ọ̀sì.

Ìwé kan wà nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n fi Faransé kọ. Inú mi dùn, mo jókòó tì í bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé Faransé tí mo kọ́ ni Faransé àwọn akéwì, Faransé àwọn alágbẹ̀dẹ ni ìwé náà ń sọ. Àwòrán inú rẹ̀ ni mo wá ń wò bíi ti gbogbo ènìyàn.

Mo yọ orí bátìrì kan, nítorí pé iná àti bẹntiróòlù kì í ṣe ọ̀rẹ́. Pọ́ńpù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, bóòtù méjì ló dì í mú. Róbà méjì ló wọ inú rẹ̀: ọ̀kan ń gbé epo bọ̀ láti inú táǹkì, èkejì ń gbé e lọ sí kábúrétọ̀. Bí mo ṣe fa ti táǹkì yọ, epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí mi lápá. Mo fi àtàǹpàkò dí i, mo wá dúró síbẹ̀ láìlè kúrò, bí ẹni tó di ejò lórí mú.

Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsùlù pupa fàlà sí ìwé orin rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní pẹ́ńsùlù yẹn."

"Kí lo fẹ́ kọ?"

"N kò kọ nǹkan kan. Mo fẹ́ fi dí epo ni."

Ó ronú. "Wà á dá a padà?"

"N ó dá a padà, Màmá."

Pẹ́ńsùlù náà kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, nítorí pé Màmá kì í ju pẹ́ńsùlù nù títí tí yóò fi parẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo fi í bọ ẹnu róbà, ó wọlé tán, epo sì dá. Mo tú bóòtù méjèèjì, mo yọ pọ́ńpù àtijọ́, mo fi réésà ha gáskẹ́ẹ̀tì, páálí abẹ́ rẹ̀ tó ti gan mọ́ irin, títí ojú rẹ̀ fi dán. Nígbà tí mo gbé tuntun síbẹ̀, kò jókòó dáadáa. Ó ní ọwọ́ irin kan tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, tí ẹ́ńjìnnì á máa tì síwá sẹ́yìn kí epo lè máa fà. Ọwọ́ yìí ló ń ta kò mí. Ọkàn kan ní kí n fi bóòtù fún un mọ́lẹ̀ tipátipá. Mo ní rárá, ohun tí a bá fipá ṣe, koko ní í le. Mo yọ ọ́, mo fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, mo tún gbé e síbẹ̀. Ó jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ sáyè rẹ̀. Ẹ wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo jó.

Ibi tí ìwà wa ti kó bá mi nìyí. Ọgbà náà wà létí ọ̀nà, ẹ sì mọ̀ pé Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà!"

"Oo, ẹ ṣé o."

"Ẹ̀yin náà lẹ ń tún un ṣe? Ṣé kò burú?"

"Kò burú o."

Bí ẹni tó kí mi bá jù mí lọ, mo gbọ́dọ̀ yọ orí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n nàró, kí n tó tẹrí ba. Ẹ̀kọ́ ilé Kétu kò fàyè gba kí a máa fi ìdí dá àgbà lóhùn. Bí mo ṣe di róbà táǹkì mú báyìí láti fi í bọ ẹnu pọ́ńpù tuntun, ni bàbá ìjọ wa kan tó ti darúgbó yọ. Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó bi mí léèrè ìyá mi, ó gbàdúrà fún ẹnubodè, ó gbàdúrà fún ìgbéyàwó, mo ń ṣe àmín. Nígbà tí mo padà, mo ki róbà bọ pọ́ńpù, mo fún kílíìpù rẹ̀ le, mo fún ti kábúrétọ̀ náà le, mo dá orí bátìrì padà. Mo yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò mú. Mo yí i, mo yí i, títí ohùn rẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wọlé, n kò lè jẹun. Mo ń rí ìyá mi láàárín àwọn obìnrin tó di ribọ́n lọ́wọ́. Mo sunkún díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ó ń ṣe mí bíi pé òótọ́ ni wọ́n sọ, pé Nàìjíríà ti gbé mi mì, kódà kò lè pọ̀ mí.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi.

"Tísà! Pẹ́ńsùlù mi dà?"

Mo tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Kò sí. Mo tọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù. Kò sí. Mo sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, pé n ó ra odidi páálí fún un bí mo bá ti Kétu dé.

"Mi ò fẹ́ páálí. Tèmi ni mo fẹ́. Níbo lo fi í sí gbẹ̀yìn?"

"Mo fi dí—"

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwọ bàtà, mo tú kílíìpù, mo fa róbà táǹkì yọ, mo fi ìka fún un láti ìsàlẹ̀ wá sókè bí ìgbà tí a ń fún ọṣẹ jáde lára ewé. Pẹ́ńsùlù kékeré náà yọ orí, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ti rọ̀ nínú epo, ó yí mi ní ìka. Àdúrà bàbá ìjọ ni mo ń ṣe àmín sí tí mo fi gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Màmá gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi fàlà sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ṣì ń kọ," ni ó wí, ó sì fi í sínú ìwé orin.

Mo ti dá róbà padà, mo tún ti yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n bátìrì ti kú pátá. Kó tó di pé mo mọ ohun tí n ó ṣe, ọkùnrin mẹ́ta wọ ọgbà. Súlè ló ṣáájú wọn.

"Tísà, ẹnì kan ló wá sọ pé òun gbọ́ ìró sípánà níbí láti àná," ni ó wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Mẹkáníìkì wo ló ń bá yín ṣe é?"

"Èmi ni."

Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan yọjú wo ẹ̀yìn ilé bóyá ẹnì kan sá pa mọ́ síbẹ̀. Èkejì tẹ̀ síwájú láti kó àpò sípánà mi. "Òfin ni òfin. Àlejò ò lè wá tẹ òkú bàbá wa mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Àgànyìn yìí—"

"Ta ni ń jẹ́ Àgànyìn?"

Màmá Nọ́ọ̀sì ló sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà! Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wá sí àárín wa, ó gba àpò náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

"Súlè, èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ, àbí èmi kọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ọmọ tó ń tún ohun ìní ara rẹ̀ ṣe nínú ọgbà ìyá rẹ̀, ẹgbẹ́ wo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn?"

"Kò kan ẹgbẹ́ kankan, Màmá. Àmọ́ ọmọ yín kọ́—"

"Ọmọ mi ni."

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́. Gbogbo Sátidé tí ìyá mi ń bi mí bóyá wọ́n ń kí mi dáadáa, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Súlè tẹrí ba fún un. Ó yọjú wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nítorí òfin wọn. Ó wo pọ́ńpù, ó wo kílíìpù. Nígbà tó yí ojú padà sí mi, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá."

"Bátìrì ló kú," ni mo wí.

Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Títi mọ́tò, ṣé iṣẹ́ mẹkáníìkì ni?"

Wọ́n wo ara wọn. "Alààrù náà ń ti mọ́tò," ni èyí tó fẹ́ kó sípánà mi dáhùn.

Mo wọlé sínú ọkọ̀, mo fi í sí jíà kejì, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi àyà tì í nínú aṣọ mímọ́ wọn, àwọn aládùúgbò bá wọn tì í, Màmá Nọ́ọ̀sì ń pariwo pé kí a ṣọ́ òdòdó òun. Bí ó ṣe sáré díẹ̀, mo tú ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ó ta gìrì lẹ́ẹ̀kan. Ó ta gìrì lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá bú jáde gbàà! Kò kú mọ́. Mo gbé e yí gbogbo Mọ̀lípà ká, fèrè ń dún lọ́wọ́ mi, mo ń pariwo bí ọmọ ilé-ìwé tó gbọ́ agogo ìsinmi. Ẹ má bá mi wí. Ẹni tí kò bá tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí òkú ọkọ̀ dìde kò lè mọ bó ṣe rí.

Kí n tó gbéra, Màmá fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ dúdú bó mi lọ́wọ́. Gíríìsì ara lọ, ṣùgbọ́n ti abẹ́ èékánná kò lọ. Ó di gaàrí fún mi. "Sọ fún ìyá rẹ pé ìyá rẹ ti Ìjẹ̀bú kí i. Kó dá àpò gaàrí náà padà fún mi."

Mo wọ Kétu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, àwọn àgbà jáde. Wọ́n ń bi mí pé ṣé kò sí nǹkan, mo ní, "Kò sí nǹkan, ó rẹ̀ mí lẹsẹn ni." Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. "Ará Ìjẹ̀bú dé!" ni wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ mìíràn ìbá dùn mí. Lọ́jọ́ náà, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé mo ní ìyá níhìn-ín, mo sì ní ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ mi gbé Àbẹ̀ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ribọ́n funfun níwájú rẹ̀, kò ta gìrì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àna tò sí ẹnu ọ̀nà. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kóòtù mi, ó wá di pé kí n mú ìyàwó lọ́wọ́. Mo wo èékánná mi, mo wo aṣọ àlà tó wà lọ́rùn rẹ̀, mo sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Ìyá mi rí i. Ó súnmọ́ mi. "Kí lo ń fi pa mọ́?"

"Ìdọ̀tí ọkọ̀ ni, Ìyá mi. Pọ́ńpù epo ló bàjẹ́, èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ."

"Ìwọ fúnra rẹ?"

"Èmi fúnra mi."

Ó fa ọwọ́ mi yọ nínú àpò. Ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń wo oúnjẹ ọmọ tuntun bóyá ó gbóná jù. Lẹ́yìn náà ó gbé e sókè síwájú ìyá ọkọ.

"Ọmọ mi tó sọnù nìyí," ni ó wí. "Ó ní mọ́tò. Ọwọ́ tó sì tún un ṣe nìyí. Ẹ wò ó dáadáa."

Ìyá ọkọ wò ó. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n ìyàwó."

"Ẹ ṣé o, Mà," ni mo dáhùn.

Àbẹ̀ní na ọwọ́ sí mi nínú ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wá àkísà kan. Ó ní òun ò fẹ́ àkísà. Mo mú un lọ́wọ́, a sì wọlé.